Ìlà Méjì Lẹ́bàá Ògiri

Ìbéèrè inú ìdánwò náà kò le rárá. "Níbo ni ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ti ń wá?" Ọmọ bíi mélòó kan kọ ọ́ pé inú oko ni. Àwọn tó pọ̀ jù kọ ọ́ pé ọjà Ṣàngó ni. Ọmọbìnrin kan, Mọ̀nsúrát, tiẹ̀ ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní abẹ́ afárá ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta bàtà òkìríkà. Mùíbátù Ìsmáílà, tíṣà kíláàsì karùn-ún, gbé bírò pupa sí i pé kí òun fún un ní òdo, ọwọ́ rẹ̀ ò gbà. Ọmọ náà ò kúkú parọ́. Ibi tó ti ń rí i nìyẹn.

Ọ̀tà ni wọ́n bí Mùíbátù sí, ṣùgbọ́n Ìwó ni bàbá rẹ̀ ti wá, lásìkò tí àwọn iléeṣẹ́ ṣì ń dúró lẹ́nu géètì tí wọ́n ń wá òṣìṣẹ́. Bàbá ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Ìyá ń gbin ẹ̀fọ́ sí àbàtà kan lẹ́yìn títì, ẹ̀fọ́ náà ló sì ra yunifọ́ọ̀mù fún gbogbo ọmọ ilé. Àbàtà ọ̀hún ti di ibi tí tírélà ń sùn sí báyìí. Bí Mùíbátù bá ń kọjá níbẹ̀ lórí ọ̀kadà, kì í wo ẹ̀gbẹ́.

Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Kì í fi ìrun jáfara. Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́, ní agbègbè Ilo-Awela, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn wọn. Irun orí rẹ̀ ti ń funfun lẹ́nu iṣẹ́ náà, síbẹ̀ kò sí ohun kan nínú ọgbà ilé ìwé yẹn tí èèyàn lè nawọ́ sí kó ní, Mùíbátù ló dá èyí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn ún ju bó ṣe ń sọ lọ. Lálẹ́ ọjọ́ tó máàkì ìwé ìdánwò yẹn, ó bẹ Ọlọ́run pé kó fún òun ní ilẹ̀ tí àwọn ọmọ á fi rí i pé ẹ̀fọ́ kì í ti abẹ́ afárá hù.

Ó lọ bá ọ̀gá àgbà ilé ìwé, Ìyáàfin Ẹfúnkẹ́ Fákọ̀yà.

"Ẹgbẹ́ kí ni?" Màdáámù ò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ àgbẹ̀, mà. Ká máa gbin ẹ̀fọ́ díẹ̀díẹ̀."

"Pẹ̀lú owó ta?"

"Kò ní gba owó, mà."

"Mísíìsì Ìsmáílà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí kì í gba owó fún mi kí n lọ rà á." Màdáámù wá gbójú sókè. "Ẹ ò rí òrùlé kíláàsì kẹta? Bí òjò bá ṣú báyìí, àwọn ọmọ yẹn ti mọ kọ̀rọ̀ tí kálukú wọn máa sá sí."

Mùíbátù dúró. Ó mọ̀ ọ́n dúró. Màdáámù mí kanlẹ̀.

"Ẹ lo ẹ̀gbẹ́ ògiri ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi yéké o. Àwọn òbí ń dà mí láàmú pé àwọn fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, káwọn máa fi owó rẹ̀ tún òrùlé ṣe. Wọ́n ń bọ̀ fún ìpàdé ìparí táàmù. Tí wọ́n bá bá ẹ̀fọ́ tó ṣeé jẹ níbẹ̀, màá gbè yín lẹ́yìn. Tí wọ́n bá bá koríko, ẹgbẹ́ yín ti túká nìyẹn, ẹ má sì tún bá mi sọ ọ́ mọ́."

Mùíbátù dúpẹ́ títí ó fi jáde. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó rí i pé kì í ṣe ilẹ̀ ni wọ́n fún òun. Àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n kọ́ ògiri ló kún ibẹ̀. Ọkọ́ kọlù ú, iná ṣẹ́ yọ.

Ẹni tó kọ́kọ́ dara pọ̀ mọ́ ọn ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbándé, tíṣà kíláàsì kẹrin, tó ń kọ́ àwọn ọmọ Kìrìsìtẹ́nì ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tiwọn. Àwọn méjèèjì ti máa ń bá ara wọn ṣàwàdà tipẹ́. Ó ń pe Mùíbátù ní Alájà, ẹni tí kò tíì rí Mẹ́kà rí. Mùíbátù ń pe òun náà ní Páítọ̀, bí ẹni pé olùṣọ́-àgùntàn ni, bẹ́ẹ̀ àga ló ń tò ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Alájà, ẹ̀fọ́ ò lè hù lórí kọnkéré yìí."

"Inú àpò la máa gbìn ín sí, Páítọ̀. Mo rí i tí wọ́n ń ṣe é lórí fóònù."

"Ibo la ti fẹ́ rí àpò?"

Ìyẹn ò le ní Ọ̀tà. Ilé wo ni kò ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tú nǹkan látinú àpò? Ṣóbándé lọ sí ilé búrẹ́dì tó wà nítòsí ilé rẹ̀, ó sì gba àpò ìyẹ̀fun. Mùíbátù bá ọkọ rẹ̀, Fàlílù, sọ̀rọ̀. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe èròjà ọbẹ̀ ni Fàlílù ti ń ru ẹrù. Kò pẹ́ tó fi kó àpò funfun wálé, òjò ló ti pa wọ́n níbi tí wọ́n kó wọn jọ sí, wọ́n sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ máa kó o lọ.

"Ìyá Toyibat, ẹrù yín rèé. Mo ti gbọ̀n wọ́n nù dáadáa."

"Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i fún yín, Bàbá Toyibat."

Èdè òyìnbó ibòmíràn ló wà lára àwọn àpò náà. Mùíbátù ò béèrè ohun tó wà nínú wọn tẹ́lẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn ni.

Àwọn ọmọ ń fi ọ̀rá kékeré bu yẹ̀pẹ̀ dúdú wá láti ilé, ẹ̀kúnwọ́ lẹ́yìn ẹ̀kúnwọ́. Ṣóbándé wá ìgbẹ́ adìẹ tó ti pẹ́ nílẹ̀, wọ́n pò ó mọ́ yẹ̀pẹ̀, àpò kún. Wọ́n po irúgbìn tẹ̀tẹ̀ mọ́ iyanrìn kó má baà há jù. Ó ku kí wọ́n fọ́n ọn.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wáyé, kò sì sí ẹni tó kà á sí àṣìṣe nígbà yẹn. Ní ilé ìwé náà, bí agogo ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn bá ti lù, àwọn ọmọ máa ń pín fúnra wọn: Mùsùlùmí á lọ sọ́dọ̀ Mùíbátù, Kìrìsìtẹ́nì á lọ sọ́dọ̀ Ṣóbándé. Kò sí ẹni tó ń pín wọn mọ́, ẹsẹ̀ wọn ló mọ̀nà. Lọ́jọ́ ìfúnrúgbìn, Ṣóbándé kàn ní, "Ẹ jẹ́ ká fi àdúrà bẹ̀rẹ̀," ni àwọn ọmọ bá pín. Àwọn kan tò sẹ́yìn Páítọ̀, níwájú àwọn àpò ìyẹ̀fun tó kó wá. Àwọn kan tò sẹ́yìn Alájà, níwájú àpò funfun ọkọ rẹ̀. Ṣóbándé gbàdúrà, wọ́n ṣe àmín ní orúkọ Jésù. Mùíbátù ka Fátíhà, ó ṣe àdúrà gígùn fún òjò àti èso. Wọ́n fọ́n irúgbìn. Ìlà méjì dúró lẹ́bàá ògiri.

Oṣù Ràmàdáánì wọlé ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Mùíbátù ń pọnmi láti inú kànga pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu, ó sì kà á sí ìbùkún pé iṣẹ́ òun bọ́ sínú oṣù mímọ́. Kò ní sọ ọ́ fún Ṣóbándé, ṣùgbọ́n ó wà lọ́kàn rẹ̀ pé ìlà tiwọn ló máa kọ́kọ́ hù.

Ìlà Ṣóbándé ló kọ́kọ́ hù. Ó hù jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀, ó bo ojú àpò. Ìlà Mùíbátù mú díẹ̀ jáde, ẹnu ewé wọn pọ́n bí ẹni pé iná rà wọ́n, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀. Mùíbátù fi omi kún omi. Bó ṣe ń bomi rin wọ́n tó ni wọ́n ń gbẹ tó.

"Tiwa ti hù o!" Seth, ọmọ kíláàsì kẹrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ń jó yí ìlà wọn ká. "Mọ̀nsúrát, ẹ̀fọ́ tiyín dà? Àbí òun náà ń gbààwẹ̀ ni?"

"Baba ẹ ló ń gbààwẹ̀!"

"Baba mi ti jẹ ìrẹsì láàárọ̀. Ẹ lọ jí Ọlọ́run yín, ó ń sùn."

Mọ̀nsúrát fò mọ́ ọn. Ọwọ́ Ṣóbándé ló tú wọn ká, ó fa Seth létí, ó ní kó tọrọ gáfárà. Seth tọrọ gáfárà bí ẹni tó ti jàre ẹjọ́.

Nígbà tí wọ́n padà sí kíláàsì, Mọ̀nsúrát wá síwájú tábìlì, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kí àwọn yòókù má baà gbọ́.

"Àǹtí, ṣé àdúrà tiwa ò gbà ni?"

"Àdúrà ń gbà. Ọlọ́run kì í kánjú ni."

"Ṣé ó ń kánjú fún àwọn Seth ni?"

Mùíbátù ní kó lọ jókòó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó bá Mọ̀nsúrát lẹ́yìn àwọn ọmọ Ṣóbándé tó ń gbàdúrà lórí ìlà wọn, híjáàbù rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀, ó di ojú pinpin, ó ń ṣe àmín pẹ̀lú wọn. Mùíbátù yí padà kí ọmọ náà má baà rí i.

Kò bínú sí i. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé òun náà ò ní èsì. Ó ti ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ pé kí wọ́n béèrè, Ọlọ́run á dáhùn. Ó ka gbogbo ibi tó mọ̀, ó ṣe ráákà lé ráákà, orí rẹ̀ ń kan ilẹ̀, nǹkan kan nínú rẹ̀ sì ń béèrè wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀?" Ó tọrọ àforíjì fún ìbéèrè náà. Ìbéèrè náà ò lọ. Bẹ́ẹ̀ ìpàdé àwọn òbí ń sún mọ́lé, ìdajì ọgbà sì rí bí itẹ́ òkú.

Ewúrẹ́ ló tú àṣírí náà. Ewúrẹ́ dúdú kan wà ní ilé tó kẹ́yìn sí ilé ìwé, tó máa ń gba ihò ògiri wọlé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbin ẹ̀fọ́ ni wọ́n ti ń lé e. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Mùíbátù mú igi, ó fẹ́ẹ́ sọ ọ́ lù ú, ó sì dúró. Ewúrẹ́ náà kọjá lára tẹ̀tẹ̀ Ṣóbándé tó tutù yọ̀yọ̀, kò yà síbẹ̀. Ìlà òkú ẹ̀fọ́ ló lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ahọ́n lá ara àpò funfun, láti ìdí dé òkè, bí ọmọ tó ń lá áíìsìkírìmù.

Mùíbátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nǹkan funfun kan ti yọ sí ara àpò, ó dà bí eérú. Ó fi ìka kàn án. Ó gbé ìka súnmọ́ ẹnu, ó rántí pé ẹnu òun ń gbààwẹ̀, ó sì gbé e kúrò.

"Páítọ̀! Páítọ̀, ẹ sáré wá!"

Ṣóbándé jáde pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, àwọn ọmọ tẹ̀lé e.

"Ẹ bá mi tọ́ eléyìí wò."

"Alájà, kí ló dé? Ara àpò? Ibi tí ewúrẹ́ ti lá?"

"Ẹ fi ọwọ́ ha ibi tí kò tíì lá. Mo ń gbààwẹ̀ ni, ǹ bá ti tọ́ ọ wò fúnra mi."

"Ẹ̀yin ń gbààwẹ̀, èmi ni kí n jẹ májèlé." Ó ha díẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó tutọ́. "Iyọ̀ ni! Iyọ̀ ògidì ni!"

Wọ́n da àpò kan nù. Ní ìsàlẹ̀, lábẹ́ yẹ̀pẹ̀ tí àwọn ọmọ fi ọ̀rá bù wá, iyọ̀ ti dì gbagidi bí òkúta. Gbogbo omi tí Mùíbátù ń bù sí i, iyọ̀ ló ń yọ́ bọ̀ wá sára gbòǹgbò. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀rín gbé e. Ṣóbándé náà rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, Mọ̀nsúrát sì pariwo jù.

"Ẹ ò rí i! Kò sí ohun tó ṣe àdúrà wa! Iyọ̀ ni!"

Seth ń ronú. "Tó bá jẹ́ iyọ̀ ló pa tiyín," ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, "a jẹ́ pé torí tiwa ò ní iyọ̀ ló ṣe hù nìyẹn?" Ó wo Ṣóbándé. "Sà, kì í ṣe àdúrà?"

Ẹ̀rín Ṣóbándé dúró. Ó ní kí gbogbo wọn padà sí kíláàsì.

Nílé, lẹ́yìn ìṣínu, Mùíbátù sọ ọ́ fún Fàlílù. Fàlílù gbá orí mú.

"Mo rò pé ẹ máa fọ̀ ọ́ ni!"

"Ẹ ní ẹ ti gbọ̀n ọ́n."

"Mo gbọ̀n ọ́n. Ti ìsàlẹ̀ yẹn ò gbọ̀n, òjò ti pa á pọ̀. Ìyá Toyibat, ẹ má bínú. Ọbẹ̀ ni wọ́n ń fi iyọ̀ inú àpò yẹn sè, mi ò mọ̀ pé ó lè pa ẹ̀fọ́."

Kò bínú. Ọkàn rẹ̀ ti fúyẹ́ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n nígbà tó dìde láti kírun alẹ́, ó rí i pé ọ̀rọ̀ Seth ti tẹ̀lé òun wálé. Bí kò bá jẹ́ àdúrà ló pa ìlà tiwọn, kì í ṣe àdúrà ló mú ìlà kejì hù. Kí wá ni àdúrà ṣe? Kò sí ẹni tó lè bi. Ó kírun náà parí, láìfo ráákà kan.

Wọ́n fọ àwọn àpò funfun lẹ́bàá kànga, wọ́n yí inú wọn síta, wọ́n fi òkúta ha wọ́n. Ewúrẹ́ dúdú wá lọ́jọ́ kejì, ó lá ọ̀kan, ó dúró bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ìyẹn tó ẹ̀rí fún Mùíbátù.

Ṣùgbọ́n àkókò ti lọ. Irúgbìn tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n ò ní tó jẹ títí ìpàdé. Ọ̀nà kan ló kù: kí wọ́n yọ nínú tẹ̀tẹ̀ ìlà Ṣóbándé, kí wọ́n tún un gbìn. Mùíbátù fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní, kò lè sọ ọ́. Ó fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Níkẹyìn ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì kẹrin.

"Páítọ̀, tiyín ti ń há ara wọn mọ́ra."

Ṣóbándé mọ ibi tó ń lọ. Kò jẹ́ kó dé ibẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni. Tí a ò bá yọ nínú wọn, gbogbo wọn ló máa rù. Ẹ wá gbà wọ́n lọ, Alájà, ẹ̀ẹ́ ṣe mí lóore."

Àwọn ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ yarí. Seth ní, "Sà, ẹ̀fọ́ wa ni!" Ṣóbándé ní kó lọ mú ọ̀rá yẹ̀pẹ̀ wá, kó sì mú méjì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n fi ìka dá ihò, wọ́n gbin tẹ̀tẹ̀ kéékèèké sínú àpò funfun, wọ́n fi ewé ọ̀pẹ ṣíji bò wọ́n. Mọ̀nsúrát di ọ̀kan mú láàárín ìka méjì.

"Àǹtí, àdúrà ta ló wà lórí èyí?"

"Tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀," Mùíbátù sọ. "Má tẹ̀ ẹ́ jù."

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀ kọjá. Àwọn òbí dé fún ìpàdé. Ìlà kan ga dé orúnkún, ìlà kejì kúrú, ṣùgbọ́n méjèèjì dúdú, méjèèjì ṣeé jẹ. Màdáámù mú wọn yí ká, ó ní òun ò mọ̀ pé ibẹ̀ lè rí báyìí. Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Alága àwọn òbí, Ọ̀gbẹ́ni Ṣọládé, tó ń tún ẹ̀rọ amúnáwá ṣe ní ẹ̀bá Toll Gate, já ewé kan, ó gbọ́ òórùn rẹ̀.

"Màdáámù, ẹ̀fọ́ yìí wù mí. Ọlọ́run gbọ́, màá tiẹ̀ rà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mi wà ní kíláàsì kẹta. Òjò ọjọ́sí, agbada ló gbé lé orí kọ̀wé. Ṣé ewé yìí lẹ máa fi bo òrùlé?"

Àwọn òbí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kò sọ òótọ́. Màdáámù wo Mùíbátù. Àwọn ọmọ náà ń wò ó láti ojú fèrèsé.

Mùíbátù wo ògiri. Ilẹ̀ ló bẹ Ọlọ́run fún. Ó wá hàn sí i, kedere bí ẹni pé wọ́n kọ ọ́ sí pátákó, pé wọn ò fún un nílẹ̀ rí. Kọnkéré ni wọ́n fún un.

"Ẹ máa kọ́ ṣọ́ọ̀bù yín, sà," ó sọ. "Inú àpò ni gbogbo ẹ̀fọ́ wa wà. A ó gbé wọn."

"Lọ síbo?"

"Ìsàlẹ̀ fèrèsé. Iwájú kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Oòrùn wà níbẹ̀, ó sì sún mọ́ kànga ju ibí lọ."

Ọ̀gbẹ́ni Ṣọládé wo Màdáámù, Màdáámù wo àpò. "Ohun tí mo sọ fún yín ni pé tí wọ́n bá bá koríko níbẹ̀, ẹgbẹ́ yín ti túká," Màdáámù sọ. Ó rò ó díẹ̀. "Ṣùgbọ́n mi ò rí ohun tó túká níbí. Ẹ máa gbé e. Ẹ má ba kíláàsì jẹ́ fún mi o."

Àwọn ọmọ ò dúró gbọ́ ìyókù. Wọ́n tú jáde. Ọmọ méjìméjì ń di etí àpò mú, ẹni tó sún mọ́ àpò ló ń gbé e, Seth àti Mọ̀nsúrát gbé ọ̀kan, wọ́n ń bú ara wọn lọ, ẹni yìí ní ìwọ ló ń fà á, ẹni yẹn ní ìwọ ni. Kí wọ́n tó dé iwájú kíláàsì, àpò funfun àti ti ìyẹ̀fun ti dà pọ̀. Kò sí ìlà mọ́.

Mọ̀nsúrát nu òógùn. "Àǹtí, ta ló máa gbàdúrà sí i?"

Àwọn ọmọ fẹ́ẹ́ pín, ẹsẹ̀ àwọn kan ti ń yí, ṣùgbọ́n wọn ò rí ibi tí wọ́n máa pín sí.

"Kí kálukú gbàdúrà sínú bó ṣe ń gbé tiẹ̀," Mùíbátù sọ. "Ó ku ọ̀kan lẹ́yìn."

Òun àti Ṣóbándé padà lọ gbé e. Òun ló wúwo jù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi sí i ni. Mùíbátù di etí kan mú, ó ní "Bìsìmílàhì" bó ti máa ń ṣe kó tó gbé ohunkóhun. Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ́tí. Ó gbọ́ ariwo àwọn ọmọ, ó gbọ́ tírélà lójú títì. Ètè Ṣóbándé náà ń mì ní òdìkejì àpò.

"Ṣé ẹ ti mú un dáadáa, Alájà?"

"Mo ti mú un."

Wọ́n gbé e.